Lẹ́ẹ̀dì Tuntun Lórí Àtijọ́

"Munirat, sún mọ́bí. Bá mi wò ó dáadáa. Kí lo rí?"

Ọ̀gá Àlímì ti bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ náà sí i lórí tábìlì. Munirat fa awò ńlá tó ń mú ohun kékeré tóbi wá sójú, ó sì tẹrí ba. Aṣọ ilé ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí láti ilé ìwé ní Bàrígà ló ti máa ń gba ṣọ́ọ̀bù lọ tààrà ní Fọlá Agoro. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe bọ́ọ̀dù níbẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù náà padà, níbi tí lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n yọ́ sí i ti di ẹsẹ̀ rílè mú. Òrùka dúdú tín-ín-rín kan yí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ká, bí ìgbà tí ilẹ̀ bá sán yí òpó ká.

"Lẹ́ẹ̀dì ti sán, sà. Ẹsẹ̀ méjìlá ni mo kà. Kò sí èyí tí kò sán níbẹ̀."

"Ohun tí mo rò náà nìyẹn," ni Ọ̀gá Àlímì wí, ó sì fi ìka nu ojú rẹ̀.

Ojú baba náà ti ń ṣú láti ọdún tó kọjá. Ó ṣì lè fi etí mọ ẹ̀rọ tó fẹ́ kú, ó sì lè fi imú mọ wáyà tó jóná, ṣùgbọ́n ohun tó bá kéré bí orí abẹ́rẹ́ ti di kùrukùru lójú rẹ̀. Ojú Munirat ló fi ń ríran. Ó sì máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wá síbẹ̀ pé, "Ọmọ yìí ni ojú mi."

Ikúmápàyí ló gbé bọ́ọ̀dù náà wá. Ọmọ Ìlàjẹ ni, láti inú àwọn ìdílé apẹja tó ń gbé létí ọ̀sà ní Bàrígà. Òun ló ń gé ìwé ní ilé ìtẹ̀wé Màdáàmù Morọ́láyọ̀ ní Bajuláyé, òun náà sì ni ẹ̀gbọ́n Sabina tó ń jókòó lórí àga kan náà pẹ̀lú Munirat ní kíláàsì.

"Ẹ̀rọ ìgéwèé wa ò gbọ́ràn mọ́, Ọ̀gá," ni Ikúmápàyí wí. "Ojú iná kan wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ọwọ́ èèyàn bá kọjá níbẹ̀, ṣe ló yẹ kí ọ̀bẹ dúró. Lánàá, mo fi pátákó dán an wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúró. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó gé pátákó yẹn bí ẹni gé búrẹ́dì. Mo bá sọ fún Màdáàmù pé mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́, àfi tẹ́ ẹ bá tún un ṣe."

"O gbọ́n," ni Ọ̀gá Àlímì dáhùn. "Rílè yìí ni ìránṣẹ́. Òun ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ojú iná lọ fún ọ̀bẹ. Bí ẹsẹ̀ ìránṣẹ́ ò bá dúró dáadáa, iṣẹ́ tá a rán an ò ní dé." Ó yíjú sí Munirat. "Gbígbọ̀n tí ẹ̀rọ yẹn ń gbọ̀n ló sán an. Má wulẹ̀ da lẹ́ẹ̀dì tuntun lé àtijọ́ lórí o. Fi sọ́kà fa ti àtijọ́ kúrò pátápátá. Fọ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fi pésìtì pa á, kó o tó wá jó tuntun sí i. Lẹ́ẹ̀dì tó ti sán, bí egbò ló rí. Béèyàn bá dì í láìfọ̀ ọ́, abẹ́ ni yóò ti máa jẹrà."

"Mo ti gbọ́, sà."

Ọ̀gá Àlímì mú kẹ́tùrù rẹ̀, ó lọ kírun Àsárì. Ikúmápàyí náà dìde pé òun fẹ́ yà dé Bajuláyé, òun yóò padà wá.

"Sabina ní kí n kí ẹ," ló wí bó ṣe ń jáde. "Ó ní kó o bá òun mú ìwé Fíṣíìsì ẹ wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ojoojúmọ́ ló ń kàwé, kò jẹ́ ká gbọ́ rédíò nílé mọ́."

Munirat rẹ́rìn-ín. Ó ki áyọ̀nù tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì bọ iná. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ gbóná, ó gbé e lé ẹsẹ̀ kìn-ín-ní. Lẹ́ẹ̀dì àtijọ́ náà rọ̀, ó sì tẹ sọ́kà, èyí tó rí bí síríǹjì, ó fà á mu pẹ́ẹ́. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹsẹ̀ náà títí tó fi funfun. Ó fi pésìtì pa á, ó jó lẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, ó sì fẹ́ ẹ lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe èkejì, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà, iṣẹ́ náà sì dùn mọ́ ọn.

Fóònù rẹ̀ dún. Dọlápọ̀ ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì.

"Múní, níbo lo wà? Búọ̀dá tó ń kọ́ wa ní lẹ́sìn lẹ́yìn ilé ìwé ti ní ìbéèrè Fíṣíìsì ọjọ́ Túsìdeè lọ́wọ́. Ojúlówó ni o! Aago márùn-ún ló máa tìlẹ̀kùn. Kò ní fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹnikẹ́ni, kó má bàa tàn ká. Ẹni tí ò bá wá fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́, tiẹ̀ ti tán nìyẹn."

"Mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo? Gbogbo kíláàsì ti wà níbí. Àfi ìwọ àti Sabina. Tó o bá féèlì, má pè mí o."

Munirat gbé fóònù sílẹ̀, ó wo aago ara ògiri. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Kì í ṣe pé kò mọ̀wé. Fíṣíìsì gan-an ni iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n Awwal, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti jókòó ìdánwò àṣekágbá tí Munirat ń ṣe yìí ní ẹ̀ẹ̀mẹta láìyege, ìyá wọn kì í sì í kírun kan kó má sunkún sí i. Ẹ̀rù ń bà á. Ó ro bí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ṣe máa kọ̀wé wàràwàrà, tí òun nìkan yóò sì máa wo òrùlé.

Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló kù. Bó bá fa gbogbo wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, aago márùn-ún yóò ti lù kó tó tán. Ó tún wo aago. Ó gbé sọ́kà sílẹ̀.

Ó mú lẹ́ẹ̀dì tuntun, ó fi áyọ̀nù kàn án lórí àtijọ́, fìrì, ó bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fi kan mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ó fi awò wò ó. Gbogbo wọn ń dán. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ mẹ́rin tó ṣe dáadáa yàtọ̀ sí mẹ́jọ tó kàn bò mọ́lẹ̀.

Ọ̀gá Àlímì wọlé. Ó fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù náà jẹ́jẹ́.

"Ṣé o fa ti àtijọ́ kúrò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Méjèèjìlá?"

"Méjèèjìlá, sà."

Baba náà fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò, mítà sì dún. Ó fún rílè ní iná, rílè sì fọhùn, kẹ́. Inú rẹ̀ dùn. "Ọlọ́run ló fún ẹ lọ́wọ́ yìí," ló wí. Nígbà tí Ikúmápàyí fi padà dé láti wá gbé bọ́ọ̀dù rẹ̀, Munirat ti sáré dé títì, ó ń dá kẹ̀kẹ́ dúró.

Ilé lẹ́sìn náà gbóná, ó sì kún fọ́fọ́. Munirat da ìbéèrè mẹ́jọ kọ pẹ̀lú ìdáhùn wọn, ó sì há wọn sórí láti ọjọ́ Jímọ̀ títí di ọjọ́ Ajé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n pín ìwé ìdánwò. Munirat kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún un kà. Kò sí ẹyọ kan nínú ìbéèrè mẹ́jọ náà níbẹ̀. Dọlápọ̀ bojú wẹ̀yìn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Lápá ọ̀tún Munirat, Sabina tẹrí ba, ó ń kọ̀wé lọ láìsọ̀rọ̀. Munirat kó ọkàn jọ, ó kọ ohun tó mọ̀, ó sì wá rí i pé ohun tóun mọ̀ kò kéré rárá. Kò tilẹ̀ nílò ohun tó sáré lọ gbà.

Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà ti parí síbẹ̀. Bọ́ọ̀dù ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí Munirat bá fẹ́ sùn, àwọn ẹsẹ̀ mẹ́jọ náà a wá sí i lọ́kàn, òun náà a sì sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́."

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n ní Kẹ́místírì. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni ìdánwò bẹ̀rẹ̀, àga Sabina sì ṣófo. Aago mẹ́wàá lù, kò dé. Olùṣọ́ ìdánwò wá mú ìwé tó wà lórí tábìlì rẹ̀ kúrò. Munirat rò ó pé bóyá ara rẹ̀ ni kò yá.

Nígbà tí wọ́n jáde, Dọlápọ̀ ló gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́. Ó di ọwọ́ Munirat mú.

"Ẹ̀rọ ti gé ìka ẹ̀gbọ́n Sabina. Láàárọ̀ yìí. Ìka mẹ́rin, lọ́wọ́ ọ̀tún. Sabina ti ń bọ̀ ní ilé ìwé nígbà tí wọ́n pè é, ló bá sá lọ sí ọsibítù."

Munirat jókòó sórí pèpéle.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kò gùn láti sọ. Ìwé kan wọ́ lábẹ́ ọ̀bẹ, Ikúmápàyí na ọwọ́ láti tò ó, bó ṣe ń ṣe é nígbà ogún lójúmọ́. Ojú iná rí ọwọ́ rẹ̀. Ìránṣẹ́ ni kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀bẹ.

Lọ́jọ́ kejì, Munirat bá Ọ̀gá Àlímì lórí ìjókòó rẹ̀, bọ́ọ̀dù náà wà níwájú rẹ̀. Màdáàmù Morọ́láyọ̀ ti wá. Kò pariwo. Ó kàn gbé e kalẹ̀ níwájú baba náà, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé ó ti dára," ó sì jáde.

"Bá mi wò ó," ni Ọ̀gá Àlímì wí. "Wò ó dáadáa, Munirat. Kí lo rí?"

Ó fa awò wá sójú. Ẹsẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ dúró gbọn-in. Ní ẹsẹ̀ keje, lẹ́ẹ̀dì tuntun tó ń dán ti ṣí kúrò bí èépá egbò, eléérú àtijọ́ wà lábẹ́ rẹ̀, òrùka dúdú náà sì yí i ká. Bó bá sọ ọ́, ayé á gbọ́. Bí kò bá sọ ọ́, baba yìí kò ní rí i láéláé.

"Mi ò rí nǹkan kan, sà. Gbogbo ẹ̀ dúró dáadáa."

Ọ̀gá Àlímì gba bọ́ọ̀dù náà padà, ó tì í sábẹ́ tábìlì. "A jẹ́ pé ẹ̀bi mi ni," ló wí. "Ohun mìíràn ló ti bàjẹ́ níbẹ̀ tí ojú mi ò rí."

Láti ọjọ́ yẹn ni ṣọ́ọ̀bù náà ti ń tutù. Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ láti Bajuláyé dé Fọlá Agoro. Wọ́n ní afọ́jú ló tún ẹ̀rọ ṣe tó fi gé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Àwọn tó ti gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ wá gbé e padà láìtún un ṣe. Àwọn ọmọdé tó ń kọjá ń tọ́ka. Ọ̀gá Àlímì kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Munirat bá a tó ń kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ sínú páálí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mítà. Sọ́kà. Awò ńlá náà.

"Níbo lẹ ń kó wọn lọ, sà?"

"Saheed tó wà ní òpópónà kejì á rí wọn lò. Èmi ń padà sí Owódé, ìlú mi. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe rí. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti di ohun tó ń gé ìka ọmọ ọlọ́mọ, ó yẹ kó fi iṣẹ́ sílẹ̀." Ó nawọ́ wá áyọ̀nù lórí tábìlì, kò rí i, ọwọ́ rẹ̀ ń tá ràrà láàárín wáyà.

Munirat kúnlẹ̀.

"Ojú yín kọ́, sà. Èmi ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀: ẹsẹ̀ mẹ́rin, ẹsẹ̀ mẹ́jọ, ìpè Dọlápọ̀, ẹsẹ̀ keje tó rí tó sì sẹ́. Omijé kò jẹ́ kó lè sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Òjò ń rọ̀ lórí páànù.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lo parọ́ fún mi," ni baba náà wí. "Ti àkọ́kọ́, mo lè ní ọmọdé ló ń ṣe ẹ́. Ṣùgbọ́n èkejì, o wo ojú mi tó fọ́, o sì lò ó."

"Ẹ foríjì mí, sà."

"Èmi kọ́ lo máa kọ́kọ́ bẹ̀." Ó fa bọ́ọ̀dù náà jáde lábẹ́ tábìlì. "Ki áyọ̀nù bọ iná. Ṣe mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bí mo ṣe ní kó o ṣe wọ́n."

"Sà, ṣebí wọn ò ní lò ó mọ́."

"Ṣe wọ́n."

Ó ṣe wọ́n. Ó fa lẹ́ẹ̀dì kúrò, ó fọ ẹsẹ̀, ó fi pésìtì pa á, ó jó tuntun sí i. Bó ṣe parí, Ọ̀gá Àlímì béèrè iye àkókò tó gbà á. Munirat wo aago.

"Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, sà."

"Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n," ni baba náà tún wí jẹ́jẹ́. "Dìde. Ká lọ sí Bàrígà."

Wọ́n bá Ikúmápàyí níwájú ilé wọn létí ọ̀sà. Bàbá rẹ̀ ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ọ̀dọ́mọkùnrin náà wà nínú báńdéèjì, ó sì ń gbìyànjú láti fi tòsì gba igi ìhunwọ̀n kọjá lójú àwọ̀n. Ó ń bọ́. Ó ń mú un. Ó tún ń bọ́. Sabina jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ìrẹsì.

Munirat dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó gbàgbé pé kíkúnlẹ̀ ni. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kò sì fi nǹkan kan pamọ́. Bàbá Ikúmápàyí dá ọwọ́ dúró. Ó fi Ìlàjẹ wọn sọ ọ̀rọ̀ kan lábẹ́nú tí Munirat kò gbọ́, ó dìde, ó sì rìn lọ sí etí omi.

Ikúmápàyí ń wo Munirat.

"Kí lo ń sáré lọ ṣe lọ́jọ́ yẹn?"

"Wọ́n ní ìbéèrè Fíṣíìsì ti jáde. Mo fẹ́ lọ dà á kọ, Búọ̀dá."

"Ṣé ó wá jáde lóòótọ́?"

"Kò jáde. Ẹyọ kan ò jáde."

Ikúmápàyí rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ìbéèrè tí kò jáde," ló wí, ó gbé báńdéèjì náà sókè díẹ̀, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ lórí itan. "Èmi ò ní bá ẹ jà, Munirat. Ìjà ò ní hu ìka. Ṣùgbọ́n má ṣe bẹ̀ mí lónìí. Mi ò tíì ní nǹkan tí mo máa fi dá ẹ lóhùn."

Sabina gbé àwo ìrẹsì sílẹ̀. "Èmi ni mo ní kí Búọ̀dá gbé e wá sọ́dọ̀ yín," ló wí. "Mo ní ọ̀rẹ́ mi mọ iṣẹ́." Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá Àlímì mú Munirat lọ bá Màdáàmù Morọ́láyọ̀ náà, àti gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ní òpópónà wọn, kó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn oníbàárà kan padà. Àwọn mìíràn kò padà mọ́, nítorí ẹyin lohùn: bó bá ti fọ́, kò ṣe é kó. Baba náà kò lọ sí Owódé, kò sì lé Munirat, ṣùgbọ́n odindi oṣù mẹ́fà ni kò jẹ́ kó fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá ní "Kí lo rí?" báyìí, ó máa ń pe ẹlòmíràn wá kó tún un wò.

Èsì ìdánwò jáde. Munirat yege Fíṣíìsì dáadáa, pẹ̀lú ìmọ̀ ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fò sókè, ó ṣọpẹ́, ṣùgbọ́n Munirat kò lè bá a yọ̀. Sabina kò ní Kẹ́místírì, nítorí náà kò lè wọlé síbi tó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ń dúró de ọdún mìíràn. Ikúmápàyí ti kúrò nílé ìtẹ̀wé. Wọ́n ní ó ń bá bàbá rẹ̀ wa ọkọ̀ ojú omi, nítorí ọwọ́ kan àti àtàǹpàkò kan lè di àjẹ̀ mú. Àwọ̀n ni wọn kò lè hun.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Munirat ti wá mọ̀ pé iṣẹ́ tí ojú ẹlòmíràn kò lè dé, ibẹ̀ gan-an ni ọmọlúàbí ti ń hàn, nítorí ẹnìkan wà níbì kan tó gbé ara lé e láìmọ̀. Ó sì mọ̀ pé òtítọ́ tó pẹ́ dé lè gba orúkọ ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́ là, ṣùgbọ́n kò lè dá ohun tí ọ̀bẹ ti gé padà. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ má fi dídán bo ìdíbàjẹ́. Ẹ fà á kúrò láti ìpìlẹ̀, bó tilẹ̀ máa gba àkókò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Munirat àti Sabina pàdé lójú ọ̀nà Jagunmólú. Munirat dúró, ó pe orúkọ rẹ̀. Sabina wò ó, ó mi orí díẹ̀ bí ẹni ń kí àjèjì, ó sì kọjá lọ.